Iṣẹ́ Pọ̀ Níta: Ìtọ́sọ́nà fún Òǹkọ̀wé Adáṣẹ́ṣe Tí Àyà Rẹ̀ Ń Já

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn òǹkọ̀wé adáṣẹ́ṣe, àwọn tí a ń pè ní fíríláńsà, yálà Tankẹ ni wọ́n ń gbé ní Ìlọrin, tàbí Ọ̀fà, tàbí Òmù-Àrán: "Báwo ni mo ṣe fẹ́ fọkàn balẹ̀ nígbà tí n kò mọ ibi tí iṣẹ́ tó kàn ti máa wá?" Àwọn mìíràn máa ń bi í lọ́nà tó le jù bẹ́ẹ̀: "Ṣé àwa òǹkọ̀wé kò ti pọ̀ jù báyìí? Ṣé ó ṣì ku iṣẹ́ kankan fún èmi?"

Ó kù. Àmọ́ ká tó sọ ibi tó wà, ẹ jẹ́ ká gbà fúnra wa pé ọ̀rọ̀ ìwúrí nìkan kò lè mú ọkàn balẹ̀. Ẹni tó ní oníbàárà kan ṣoṣo, tí kò ní kọ́bọ̀ nípamọ́, tí kò mọ iye tó ń ná lóṣù, bó ka ọ̀rọ̀ ìwúrí láàárọ̀, tó tún kà á lálẹ́, àyà rẹ̀ á ṣì máa já, torí pé ohun tó ń já a láyà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nǹkan la máa kọ́kọ́ tò. Bó bá ti tò, ọkàn á tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí ìtọ́sọ́nà yìí fi bẹ̀rẹ̀ láti orí owó àti ìwé àkọsílẹ̀ kó tó kan ọ̀rọ̀ ìwà.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ojú ọ̀dá lẹ fi ń wo iṣẹ́

Ojú ọ̀dá ni ojú ẹni tó gbà pé iṣẹ́ kò tó, pé bí ẹlòmíì bá rí, tòun ti dín kù nìyẹn. Ẹ ka àwọn wọ̀nyí, kí ẹ fi àmì sí èyí tó bá yín mu:

- Ẹ máa ń dín owó kù kí oníbàárà tó sọ pé ó wọ́n.
- Ẹ gbọ́ pé ọ̀rẹ́ yín rí iṣẹ́ gidi, inú yín bàjẹ́ kí ẹ tó kí i kú oríire.
- Ẹ ń ṣí ímeèlì ju ìgbà mẹ́wàá lọ lóòjọ́.
- Ẹnìkan béèrè ibi tí ẹ ti ń rí iṣẹ́, ẹ dọ́gbọ́n yí ọ̀rọ̀ padà.
- Ẹ gba iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ pé kò ní lérè, kí ọwọ́ má bàa dilẹ̀.
- Bí wọ́n bá bi yín ní iye tí oṣù kan ń ná yín, ẹ kò lè sọ ọ́.

Bó bá jẹ́ méjì ló bá yín mu, ẹ máa bá wa lọ. Bó bá jẹ́ èyí tó kẹ́yìn nìkan ni, ẹ máa bá wa lọ bákan náà, torí pé inú rẹ̀ ni gbogbo èyí tó kù ti ń hù jáde.

Ojú ọ̀dá kì í dúró sínú ọkàn nìkan. Ó máa ń wọ inú ọ̀rọ̀ tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Ẹ wo irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí: "Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá wà, mo máa ṣe é. Iyekíye tẹ́ ẹ bá ní kò burú." Ẹni tó gbà á kò rí òǹkọ̀wé níbẹ̀. Ó rí ẹni tí kò sẹ́ni tó ń gbéṣẹ́ fún, ó sì máa béèrè lọ́kàn rẹ̀ pé kí ló dé. Bí ìbẹ̀rù ṣe ń lé iṣẹ́ jìnnà nìyẹn, tí iṣẹ́ tó jìnnà á tún fi kún ìbẹ̀rù.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ iye tí oṣù kan ń gbà

Ẹ mú ìwé àti bírò. Iye tí ẹ ná ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹ máa kọ, ẹ má kọ iye tí ẹ rò pé ó yẹ kí ẹ ná. Àpẹẹrẹ nìyí, ti ẹni kan tó ń dá gbé:

- Oúnjẹ: ₦60,000
- Owó ilé ọdún kan tí a pín sí 12: ₦20,000
- Iná àti epo jẹnẹrétọ̀: ₦18,000
- Ọkọ̀: ₦15,000
- Ẹbí àti ìnáwó: ₦15,000
- Dátà: ₦12,000
- Àìròtẹ́lẹ̀: ₦10,000

Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦150,000. Ẹ fi ₦30,000 ìfowópamọ́ kún un, kí ẹ sì kà á sí gbèsè tí ẹ gbọ́dọ̀ san. Ó di ₦180,000.

Ẹ wá ka wákàtí. Òǹkọ̀wé kì í fi wákàtí mẹ́jọ kọ̀wé lóòjọ́. Ìwádìí oníbàárà, ìdúnàádúrà àti iná tó lọ máa ń jẹ nínú rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta tó ń mówó wọlé lóòjọ́, fún ogún ọjọ́, jẹ́ 60. Ẹ fi 60 pín ₦180,000, wákàtí kan jẹ́ ₦3,000. Bí àpilẹ̀kọ ọ̀rọ̀ 1,000 bá ń gbà yín ní wákàtí márùn-ún (ọ̀kan fún ìwádìí, mẹ́ta fún kíkọ, ọ̀kan fún àtúnkà), ₦15,000 ni owó tó kéré jù tí ẹ lè gbà fún un. Ẹni tó bá ní òun á san ₦4,000 fún un ń san ₦800 fún wákàtí kan. Ẹ kò ní láti bínú sí i. Ẹ ti mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn kọ́ ni tiyín.

Ọ̀rọ̀ owó orí: lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tó yẹ kí a bu owó orí lé lọ́dún kò ní owó orí nínú. Bí tiyín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kí ìwé owó orí má bàa di ìpayà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kó owó ìfọ̀kànbalẹ̀ jọ

Owó oṣù kan ni ẹ kọ́kọ́ máa lé. ₦30,000 lóṣù, lóṣù márùn-ún, á fún yín ní ₦150,000. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo bí ẹni tó ní oúnjẹ oṣù kan nílẹ̀ ṣe ń dáhùn oníbàárà tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

1. Ẹ ya owó náà kúrò bí owó bá ti wọlé, kí ẹ tó ra ohunkóhun.
2. Ẹ fi sí àkáǹtì mìíràn tí kò ní káàdì. Bí ọwọ́ yín bá máa ń yá sí owó inú fóònù, alájọ tí ẹ mọ ilé rẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ àjọ àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.
3. Ẹ kọ ohun tó lè mú kí ẹ fọwọ́ kàn án: àìsàn, kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́, oṣù tí iṣẹ́ kò wọlé rárá. Aṣọ ẹbí kò sí níbẹ̀.

Aṣọ ẹbí yẹn gan-an ló máa ń jẹ owó yìí. Ìkómọ, nìkáà, wọ́límà, ìsìnkú: àwa ará ibí kì í fi èèyàn sílẹ̀ ní ọjọ́ ìnáwó, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn fi iye kan lélẹ̀ fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Bí ìnáwó mẹ́ta bá bọ́ sínú oṣù kan, kí ẹ pín iye yẹn sí mẹ́ta.

Ìkìlọ̀: ẹ má yá owó lọ́wọ́ àwọn áàpù ayánilówó láti fi dí àlàfo oṣù ọ̀dá. Èlé wọn máa ń sọ oṣù kan di mẹ́ta, ìdójútì tó máa ń tẹ̀lé e lórí fóònù àwọn ojúlùmọ̀ yín sì lè lé oníbàárà lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ ìwé ilẹ̀kùn

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ kò sí mọ́, ẹ bi í pé ilẹ̀kùn mélòó ló mọ̀, ìyẹn ibi tàbí ẹni tó lè béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ mẹ́ta péré, kí méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé ti ń kàn án.

Ẹ ṣí ìwé tàbí ojú ewé kan lórí fóònù, kí ẹ pín in sí márùn-ún: orúkọ, ohun tí wọ́n nílò, ọjọ́ tí ẹ kàn wọ́n, ìdáhùn wọn, ọjọ́ tí ẹ máa padà. Ẹ wá kọ ilẹ̀kùn 30 sínú rẹ̀. Àwọn ibi tí ẹ ti lè rí wọn rèé.

*Nítòsí*

- Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Wọ́n nílò ìwé ìròyìn ọdọọdún, ìwé ètò ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ọ̀rọ̀ tí olùdásílẹ̀ máa kà.
- Ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú. Ọ̀pọ̀ ìlú Ìgbómìnà àti Ìbọ̀lọ́ ló ń ṣe ọjọ́ ìlú lọ́dọọdún, wọn kì í ṣe é láìsí ìwé ètò, ìtàn ìlú àti ìwé ìkówójọ. Àwọn ọmọ ìlú tó wà lókèèrè ló máa ń fẹ́ kí èyí dára jù.
- Ìdílé. Ìtàn ìgbésí ayé olóògbé, ìwé wọ́límà, oríkì ìdílé tí wọ́n fẹ́ kí ẹnìkan kọ sílẹ̀ kí bàbá àgbà tó lọ.
- Oníṣòwò tó ń polówó lórí rédíò. Ọ̀pọ̀ ìpolówó Yorùbá ló jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n túmọ̀ kánmọ́-kánmọ́. Ẹ gbọ́ ọ̀kan tí kò dára, ẹ tún un kọ, ẹ mú un tọ oníṣòwò náà lọ.
- Àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìlọrin, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara (KWASU) ní Málété, Al-Hikmah, Landmark ní Òmù-Àrán, Summit ní Ọ̀fà. Wọ́n nílò ẹni tó máa ka iṣẹ́ wọn, tó máa tún gírámà àti ètò rẹ̀ ṣe.

*Nílẹ̀ Nàìjíríà*: ilé ìtẹ̀wé, ilé iṣẹ́ ìpolówó, àwọn tó ń ṣe fíìmù tó nílò ìtumọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán, àjọ tó ń kọ ìjábọ̀ iṣẹ́ wọn.

*Lókèèrè*: ilé iṣẹ́ ìtumọ̀, ìwé ìròyìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì, Upwork àti Fiverr (àwọn ìkànnì tí oníbàárà ti ń wá òṣìṣẹ́), àti àwọn tó ń wá ẹni tó máa tẹ ohùn Yorùbá sínú ìwé pẹ̀lú àmì ohùn tó péye. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, torí pé ẹni tó lè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ láìṣì í kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹ kọ "àwọn ilé ẹ̀kọ́" sílẹ̀, kí ẹ sì kà á sí ilẹ̀kùn kan. Kò sí ẹni tó lè kan "àwọn ilé ẹ̀kọ́." Ẹ kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kan, àdúgbò tó wà, àti orúkọ ẹni tó ń bójú tó o.

Ohun kan tún wà tó ń sọ ilẹ̀kùn kan di mẹ́rin: ìwádìí kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ wọkọ̀ lọ sí Èsíẹ́ nílẹ̀ Ìgbómìnà, sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó ṣí ní 1945, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, níbi tí ère òkúta tó lé ní 1,000 wà. Ọkọ̀ kan, ọjọ́ kan, ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ lè rí àpilẹ̀kọ ìrìn-àjò níbẹ̀ fún ìwé ìròyìn, ìwé kíkà kúkúrú fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ètò ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún rédíò, àti ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ Ìgbómìnà tó wà lókèèrè. Ìwádìí ni ẹ ń tún lò o. Ẹ má ta gbólóhùn kan náà fún ẹni méjì, kí ẹ sì ka ìwé àdéhùn dáadáa kí ẹ tó tún kókó kan kọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ kan ilẹ̀kùn méjì lójoojúmọ́

Méjì lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún, mẹ́wàá lọ́sẹ̀, bí ogójì lóṣù. Ẹ ṣe é kí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àní ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ kún ọwọ́ yín. Àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn nígbà tí ebi bá dé nìkan ni oṣù wọn máa ń kún lónìí tó sì máa ń gbẹ lọ́la, torí pé ìdáhùn sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà.

Irú ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ fi ránṣẹ́:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ yín máa ṣe ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní oṣù keje. Mo máa ń kọ ìwé ìròyìn fún ilé ẹ̀kọ́: ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìtàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti àtúnkà gbogbo rẹ̀. Ìwé ojú ewé 24 máa ń gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé kí n fi ojú ewé méjì tí mo ti kọ ránṣẹ́ kí ẹ wò ó?"

Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ohun tí wọ́n ń ṣe, ohun tí ẹ lè ṣe, àti ìbéèrè kan tó rọrùn láti dáhùn. Kò sí owó níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀bẹ̀.

Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ padà ní ọjọ́ karùn-ún, kí ẹ tún padà lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọjọ́ kẹrìnlá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ ka ìwé yín: nínú ilẹ̀kùn 80, mélòó ló ṣí? Ìṣirò tiyín ni ẹ máa tẹ̀lé. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó túmọ̀ sí pé "rárá" tàbí ìdákẹ́jẹ́ mẹ́sàn-án ló ń ṣáájú "bẹ́ẹ̀ ni" kan. Ẹni tó mọ èyí kì í sunkún lórí ẹ̀kẹrin.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ṣí ímeèlì lẹ́ẹ̀mejì péré

Ọ̀pọ̀ ìpayà òwúrọ̀ ló ń wá láti inú àpótí ímeèlì tó ṣófo, tó sì yẹ kó ṣófo. Nígbà tí ó bá jẹ́ aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní New York, aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán ni ní Ìlọrin, gẹ́gẹ́ bí àsìkò ọdún bá ṣe rí. Olóòtú tí ẹ ń retí ìdáhùn rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ wà lórí ibùsùn. Ẹ ṣí i ní aago mọ́kànlá fún àwọn ará ilé, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ fún àwọn ará òkèèrè. Ẹ pa ìró rẹ̀ ní ìyókù ọjọ́.

Ẹ mọ àsìkò ìdákẹ́jẹ́ pẹ̀lú. Oṣù kẹjọ àti ìparí oṣù kejìlá, àwọn olóòtú òkèèrè máa ń lọ ìsinmi. Nílé, iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ máa ń dáwọ́ dúró bí sáà bá parí. Nínú oṣù Ràmádáànì, agbára wa máa ń yí padà, oṣù náà sì máa ń fi bí ọjọ́ 11 tètè dé ju ti ọdún tó kọjá lọ, nítorí náà ẹ wo kàlẹ́ńdà lákòókò: kíkọ tó le, ẹ ṣe é lẹ́yìn sààrì, ìdáhùn àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ fi sí ọ̀sán.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ pín "rárá" sí ìsọ̀rí

Ẹ má dáhùn "rárá" kankan ní ọjọ́ tó dé, àyàfi kí ẹ dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ ìsọ̀rí rẹ̀ sínú ìwé ilẹ̀kùn:

- Kò sí owó: ẹ padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ìnáwó wọn tàbí sáà tuntun.
- Kò tíì tó àsìkò: ẹ béèrè oṣù tó dára, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
- Kò bá wọn mu: ẹ ka ohun tí wọ́n ń tẹ̀ jáde, ẹ mú kókó mìíràn wá.
- Kò dára tó: èyí dùn wọni, àmọ́ òun ló lérè jù. Ẹ wá ibi kan nínú iṣẹ́ náà tí ẹ lè tún ṣe.
- Ìdákẹ́jẹ́: kò sọ ohunkóhun nípa yín. Ẹ tẹ̀lé ètò ọjọ́ karùn-ún àti ìkẹrìnlá.

"Rárá" tí kò ní ìsọ̀rí máa ń di ìdájọ́ lórí gbogbo ayé ẹni. Bó bá ti ní ìsọ̀rí, ó di iṣẹ́ kékeré kan fún ọ̀la.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ sọ owó yín, kí ẹ dákẹ́

Ìdúnàádúrà kì í ṣe èébú. Ẹni tó ná ọjà ní Ọjà Ọba kò kórìíra ẹni tó ń tà á. Ìṣòro wa ni pé a máa ń kánjú dín owó kù nítorí ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Oníbàárà: "Àbúrò, ó ti wọ́n jù. Ṣé o kò lè gba ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ?"

Ẹ̀yin: "Mo gbọ́ yín, sà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni fún ọ̀rọ̀ 1,000, ìwádìí àti àtúnṣe kan wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ló wà nílẹ̀, mo lè kọ ọ̀rọ̀ 500 fún yín."

Iṣẹ́ ni ẹ dín kù. Owó wákàtí yín dúró síbi tó wà. Ẹ gba ìdajì owó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kódà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà tàbí tí ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Lórí Fiverr, ẹ rántí pé wọ́n ń yọ ogún nínú ọgọ́rùn-ún: iṣẹ́ dọ́là 50, dọ́là 40 ló máa kàn yín, ọ̀pọ̀ òǹtajà sì ń dúró fún ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí kí owó tó ṣeé yọ. Ẹ má ka owó yẹn mọ́ ti oṣù yìí.

Bí oníbàárà kan bá ti ń mú ju ìdá méjì nínú márùn-ún owó yín wá, ẹ fi ilẹ̀kùn kún ti ọ̀sẹ̀ yẹn. Ọjọ́ tó bá lọ, kò gbọdọ̀ kó ilé yín lọ.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ jókòó ní ìsọ̀

Ẹ wo àwọn amọ̀kòkò Dàda ní Òkèlélé, ní Ìlọrin. Wọn kò fọ́n káàkiri ìlú kí ẹnikẹ́ni má bàa rí oníbàárà ẹlòmíì. Wọ́n wà pa pọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ ìkòkò fi mọ ibi tó ń lọ. Aláta, aláṣọ, ẹlẹ́ja, bẹ́ẹ̀ ni ìsọ̀ ṣe rí ní gbogbo ọjà wa. Òǹkọ̀wé nìkan ló máa ń fẹ́ dá pàtẹ nínú òkùnkùn.

1. Ẹ wá òǹkọ̀wé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí iṣẹ́ wọn dára. Ẹ má ju márùn-ún lọ. Ẹgbẹ́ WhatsApp èèyàn 200 kì í ṣe ìsọ̀, ariwo ni.
2. Kí oníkálùkù sọ ohun tó mọ̀ ọ́n kọ jù: ẹnìkan rédíò, ẹnìkan ìtumọ̀, ẹnìkan ìjábọ̀.
3. Iṣẹ́ tó bá kọjá agbára tàbí àkókò yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ sọ fún oníbàárà pé ẹni tí ẹ fọkàn tán ni.
4. Ẹ sọ iye tí ẹ ń gbà fún ara yín. Oníbàárà tó ń ná yín sí ara yín máa ń gbádùn ìkọ̀kọ̀.
5. Bí ẹ bá fẹ́ máa gba owó lọ́wọ́ ara yín lórí iṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ fẹnu kò lórí iye rẹ̀ kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé.

Ìkìlọ̀: ẹ má fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ kò tíì ka ìwé rẹ̀. Bó bá bà á jẹ́, orúkọ yín ló máa lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà

*Àdúrà tí kò ní ẹsẹ̀.* Ní Ìlọrin níbí, kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ wáàsí nípa ẹyẹ tó ń jáde lówùúrọ̀ pẹ̀lú ikùn òfìfo, tó ń padà sílé ní yíyó. Apá tí a máa ń gbàgbé ni pé ẹyẹ náà jáde. Àrísìkí wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun, ilẹ̀kùn méjì lóòjọ́ sì wà lọ́wọ́ yín.

*Ṣíṣe bí ọlọ́rọ̀.* Yíyá owó ra fóònù tuntun kí oníbàárà lè rò pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Oníbàárà kò rí fóònù yín. Ìwé tí ẹ kọ ló rí.

*Kíkọ iṣẹ́ àṣekágbá fún akẹ́kọ̀ọ́.* Ìlú tí yunifásítì pọ̀ tó báyìí, ìdánwò yìí kì í jìnnà. Owó rẹ̀ yára, àmọ́ ìwà ìrẹ́jẹ ni, ó lè lé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nílé ẹ̀kọ́, ẹ kò sì lè fi ẹyọ kan hàn nínú gbogbo rẹ̀ fún oníbàárà gidi. Àtúnkà àti kíkọ́ni bí a ṣe ń kọ̀wé jẹ́ iṣẹ́ tó mọ́.

*Sísan owó kí wọ́n tó fún yín níṣẹ́.* Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀ kó tó gbéṣẹ́ fún yín, ẹ kúrò níbẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó ní kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ 1,500 lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìdánwò. Ohun tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀ tó fún ìdánwò. Ojú ọ̀dá ló máa ń mú kí èèyàn kó sí irú pàkúté yìí.

*Fífi ipò WhatsApp ẹlòmíì ṣe òṣùwọ̀n.* Ọjọ́ tí wọ́n gba owó ni wọ́n ń fi hàn. Ẹ kò rí ọjọ́ 40 tó ṣáájú.

Bí oṣù ọ̀dá bá dé pẹ̀lú gbogbo èyí

Ó máa dé. Ètò ọ̀sẹ̀ kan rèé:

- Ọjọ́ Ajé: ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ yín lówó, kí ẹ rán wọn létí. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Alhaji. Mo ní kí n rán yín létí ₦7,500 tó kù lórí iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Ṣé kí n máa retí rẹ̀ kí Jímọ̀ tó dé?"
- Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ẹ kọ̀wé sí oníbàárà àtijọ́ márùn-ún. Ẹ béèrè bí iṣẹ́ yín ṣe wúlò fún wọn, kí ẹ mú kókó tuntun kan wá.
- Ọjọ́rú: ẹ mú ìwádìí àtijọ́ kan, ẹ wá ọ̀nà méjì mìíràn tó lè gbà wúlò.
- Ọjọ́bọ̀: ilẹ̀kùn tuntun márùn-ún, ó kéré tán méjì lójúkojú. Ẹ wọṣọ, ẹ jáde.
- Ọjọ́ Ẹtì: ẹ ka ìwé ilẹ̀kùn kí ẹ tó lọ kírun. Ẹ kọ ohun mẹ́ta tó tẹ̀ síwájú, bó ti wù kó kéré tó.

Bí oṣù mẹ́ta bá tẹ̀lé ara wọn tí owó kò dé ìdajì iye ìgbésẹ̀ 1, ẹ wá iṣẹ́ àbọ̀-ọjọ́: kíkọ́ni, àtúnkà nílé ìtẹ̀wé, tàbí àdéhùn oṣooṣù pẹ̀lú oníbàárà kan. Ìyẹn kì í ṣe ìjákulẹ̀. Òǹkọ̀wé tó jẹun lè sọ pé "rárá" fún iṣẹ́ tí kò dára.

Bó bá sì jẹ́ pé fún ọ̀sẹ̀ méjì ẹ kò sùn dáadáa, oúnjẹ kò wù yín, ohun tó ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti iṣẹ́. Ẹ lọ rí dókítà. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní àwọn tó ń tọ́jú ọkàn àti ọpọlọ, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Àwọn ará ilé ńkọ́?

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé gbogbo èyí ni ti ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá tó ń sọ pé, "Ìgbà wo lo máa wá iṣẹ́ gidi?" Bí wọ́n bá ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, ó lè wó gbogbo ohun tí ẹ ti tò. Ẹ má jà. Ẹ má sì fi iye owó yangàn, torí pé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ìnáwó máa wá ka yín mọ́lé. Ẹ fi wákàtí iṣẹ́ yín hàn wọ́n:

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Láti aago mẹ́sàn-án di aago kan, ibi iṣẹ́ ni mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá ni. Lẹ́yìn aago kan, ẹ rán mi níṣẹ́ tó bá wù yín, mo máa lọ."

Ẹ lọ o, bí wọ́n bá rán yín lẹ́yìn aago kan. Ẹ fún ilé ní ohun kékeré kan ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ ₦5,000, kí wọ́n lè mọ̀ pé owó ń wọlé. Lọ́la, bí aago mẹ́sàn-án bá lù, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá, ẹ ṣí ìwé, kí ẹ kan méjì àkọ́kọ́.